Bí Àwọn Obìnrin Olùkọ́ Ṣe Gba Ẹ̀tọ́ Wọn ní Yunifásítì M.I.T., àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Kò sí ìgbà tí ọmọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa gboyè jáde ní yunifásítì tí a kì í jó, tí a kì í yọ̀. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọbìnrin ni ó di Ọ̀mọ̀wé, ayọ̀ náà a máa lé kún, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ìdílé tí wọ́n ti yọ ọmọbìnrin kúrò ní ilé ìwé kí owó lè tó fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè lẹ́yìn tí ìlù bá ti dákẹ́: ibi tí ọmọ yìí ń lọ ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n ro irú rẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń tò ó?

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn yunifásítì kan fún yín nínú ìwé ìròyìn wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí. Yunifásítì náà ni Massachusetts Institute of Technology, tí gbogbo ayé ń pè ní M.I.T., ní ìlú Cambridge, lẹ́bàá Boston. Ohun tí ìtàn náà kọ́ wa ni pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fún un ní àyè tí yóò jókòó sí. Ó sì tún kọ́ wa pé aago ibi iṣẹ́ lè ti obìnrin síta gan-an bí ẹni pé ilẹ̀kùn ni wọ́n tì.

ILẸ̀KÙN ṢÍ, ÀYÈ KÒ SÍ

Ní ọdún 1870 ni M.I.T. kọ́kọ́ gba obìnrin wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni Ellen Swallow, ẹ̀kọ́ kẹ́místírì ni ó sì fẹ́ kọ́. Wọ́n ní kí ó má san owó ilé ìwé. Ó rò pé nítorí pé òun kò lówó ni wọ́n ṣe ṣàánú òun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ rí ọ̀rọ̀ sọ bí ẹnikẹ́ni bá bínú, kí wọ́n lè ní kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ní ti gidi. Ó gboyè ní 1873. Ní 1884 wọ́n fi í ṣe olùkọ́, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1911, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin tí ó ń wọlé kéré jọjọ. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á ni ibùgbé. Katharine Dexter McCormick, tí òun náà gboyè níbẹ̀ ní 1904, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ McCormick Hall fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, tí wọ́n sì ṣí i ní 1963. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún 93 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí obìnrin kìn-ín-ní wọlé àti ọjọ́ tí àwọn obìnrin ní ilé tiwọn nínú ọgbà.

Bí àyè kò ṣe sí, bẹ́ẹ̀ ni àkókò kò gbà wọ́n. Ní 1960, Mildred Dresselhaus, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú òṣì ní Bronx ní New York, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lincoln Laboratory, tí ó jẹ́ ti M.I.T. Wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí gbogbo ènìyàn dé. Obìnrin yìí bí ọmọ mẹ́rin láàárín ọdún díẹ̀, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí ni wọ́n fi ń bá a wí. Ní 1967 ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí inú ọgbà yunifásítì gan-an gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò, pẹ̀lú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin onímọ̀. Ní 1968 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá. Nígbà tí ó di 1985, òun ni obìnrin kìn-ín-ní tí wọ́n fún ní oyè Institute Professor, tí ó ga jù lọ láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀.

Kì í ṣe làákàyè nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó sì rí obìnrin kan tí ó bá a tọ́jú àwọn ọmọ fún ọdún tí ó lé ní 25. Obìnrin kan dúró sí ilé kí obìnrin kejì tó lè lọ sí yàrá ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà dé orí rẹ̀.

TÉÈPÙ LỌ́WỌ́, LÓRU

Ní 1972, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ka ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́ léèwọ̀ dé orí àwọn yunifásítì. Ní 1973 ni Nancy Hopkins, onímọ̀ báyọ́lọ́jì, gba iṣẹ́ olùkọ́ ní M.I.T. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbà pé òfin ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ó rò pé ọmọ títọ́ nìkan ni ó kù tí ó lè fa obìnrin onímọ̀ sẹ́yìn, òun kò sì bímọ. Bí iṣẹ́ òun bá dára, iṣẹ́ náà ni yóò gbẹnu sọ fún òun.

Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja kékeré abilà kan tí wọ́n ń pè ní zebrafish ṣe ìwádìí. Ẹja nílò táǹkì, táǹkì sì nílò àyè. Ó bẹ̀bẹ̀ fún àfikún square feet 200, wọn kò fún un. Wọ́n ní àyè tí ó ní tó. Kí ni obìnrin yìí ṣe? Ó mú téèpù, ó ń lọ láti yàrá ìwádìí kan dé èkejì lóru, nígbà tí àwọn tí ó ni wọ́n kò sí níbẹ̀, ó sì wọn gbogbo rẹ̀. Òun tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1,500. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní 2,000. Ti àwọn ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ju èyí lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gba ẹ̀kọ́ kan tí òun náà bá wọn dá sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ó jókòó kọ lẹ́tà sí ààrẹ yunifásítì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ó fi han Mary-Lou Pardue, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin mìíràn tí ó bọ̀wọ̀ fún gan-an. Ẹ̀rù ń bà á pé ìyẹn yóò ní ó ń ṣàròyé jù. Pardue kà á tán, ó ní òun náà fẹ́ fọwọ́ sí i. Ọdún 1994 nìyẹn.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn obìnrin tí ó wà. Nínú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì mẹ́fà, obìnrin 15 péré ni ó ní iṣẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀ títí dé ìfẹ̀yìntì, èyí tí wọ́n ń pè ní tenure. Àwọn ọkùnrin tí ó ní i sún mọ́ 200. Bí a bá ka gbogbo olùkọ́, àti èyí tí ó ní tenure àti èyí tí kò tíì ní i, obìnrin jẹ́ 22, ọkùnrin 252. Ìyẹn ni ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì yí padà fún ó kéré tán ọdún mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ti kún àwọn kíláàsì.

Wọ́n kó obìnrin 17 jọ, pẹ̀lú àwọn kan tí ẹ̀ka wọn gan-an wà níta sáyẹ́ǹsì. Olúkúlùkù ti rò pé òun nìkan ni nǹkan ń ṣe. 16 nínú wọn fọwọ́ sí ìwé sí Robert Birgeneau, díìnì sáyẹ́ǹsì. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹjọ́ ẹnì kan, àròyé ni. Ẹjọ́ ènìyàn 16, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Díìnì náà gbọ́, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1995.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ RÍ

Ìgbìmọ̀ wo owó oṣù, àyè, ẹ̀bùn, owó ìwádìí, ó sì bi àwọn obìnrin léèrè ọ̀rọ̀. Ó rí i pé àìdọ́gba wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí àwa òbí fi etí sí jù lọ nìyí: àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní kò sí ìyọnu, àfi ti bí àwọn yóò ṣe pa iṣẹ́ àti ilé pọ̀. Àwọn àgbà obìnrin ní wọ́n ti sún àwọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, a kì í pe àwọn sí ibi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà yìí náà, nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ìran kọ̀ọ̀kan wọlé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn tí ó ṣáájú ti parí ìjà náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ M.I.T. Ìwé ìròyìn inú ilé bí irú tiwa yìí ni! Láàárín ọjọ́ díẹ̀, New York Times gbé e sí ojú ewé kìn-ín-ní. Charles Vest, ààrẹ yunifásítì náà, kò jiyàn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti máa ń rò pé apá kan òótọ́ ni, apá kan ìrònú ènìyàn lásán ni, ṣùgbọ́n òun ti wá rí i pé òótọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ọ̀gá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ó pe àwọn olórí yunifásítì ńláńlá jọ. Yunifásítì mẹ́sàn-án ni ó péjọ, Harvard, Yale, Princeton àti Stanford wà nínú wọn, wọ́n sì gbà pé ìdènà ṣì wà fún obìnrin, àti pé àwọn yóò wo owó oṣù àti ohun èlò tí àwọn ń pín.

Wọ́n tún owó oṣù ṣe, wọ́n tún àyè pín. Ní 2004, Susan Hockfield di obìnrin kìn-ín-ní tí ó jẹ ààrẹ M.I.T.; ní 2023, obìnrin mìíràn, Sally Kornbluth, gorí ipò náà. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 2011, àwọn obìnrin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti di 52. Ṣùgbọ́n ìyọnu tuntun ti yọjú. Wọ́n ní kí obìnrin wà nínú gbogbo ìgbìmọ̀, àwọn obìnrin kò sì pọ̀, nítorí náà àwọn kan náà ni ó ń jókòó nínú ìpàdé nígbà tí àwọn ọkùnrin wà nínú yàrá ìwádìí. Àwọn kan tún ń sọ lẹ́yìn wọn pé ojú àánú ni wọ́n fi gbà wọ́n. Àwọn obìnrin náà sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ di ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan, nítorí ọmọ ní bàbá.

AAGO ILÉ ÀTI AAGO IBI IṢẸ́

Ẹni tí ó jẹ́ alága àwọn olùkọ́ M.I.T. nígbà tí àbọ̀ náà jáde ni Lotte Bailyn. Iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ gan-an ni bí iṣẹ́ àti ilé ṣe lè gbé pọ̀, ó sì ti kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1993. Ohun tí ó ń wí ni pé àwọn ibi iṣẹ́ fojú inú wo òṣìṣẹ́ kan tí kò ní ilé láti tọ́jú, wọ́n sì ṣe àkókò iṣẹ́ bá a mu. Ta ni òṣìṣẹ́ yẹn? Ọkùnrin tí ó ní ìyàwó sílé ni.

Ẹ wo bí tenure ṣe rí. Olùkọ́ tuntun ní bí ọdún mẹ́fà tàbí méje láti fi hàn pé òun kúnjú òṣùwọ̀n. Bí kò bá yege, kí ó wá ibòmíràn lọ ni. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ọdún méje yìí nígbà tí wọ́n ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwa nọ́ọ̀sì tí a ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún mọ ohun tí ọjọ́ orí yẹn jẹ́ fún obìnrin. Aago méjì ń lù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí ó ń dúró de èkejì.

Wọ́n wá àtúnṣe. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 láti tọ́jú ọmọ tuntun tàbí aláìsàn, ṣùgbọ́n láìsí owó. Àwọn yunifásítì tún ń fi ọdún kan kún aago tenure fún ẹni tí ó bá bímọ. Ní 2005, Princeton sọ ọ́ di ohun tí ìyá àti bàbá yóò gbà láìbéèrè, nítorí wọ́n rí i pé ojú ń ti àwọn obìnrin láti béèrè.

Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ní 2018, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé ní àwọn yunifásítì gíga Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti fún ìyá àti bàbá ní àfikún ọdún kan náà, àwọn ọkùnrin tí ó ń gba tenure pọ̀ sí i, àwọn obìnrin dín kù. Àwọn ọkùnrin ń fi àkókò náà kọ ìwé sí i. Ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lóru kò rí irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dọ́gba lórí ìwé lè má dọ́gba nínú ilé.

Ohun tí ó ń ran ilé lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni ibi tí ènìyàn lè gbé ọmọ sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́léósinmi mọ ohun tí ó ń wí. Ní 2013, M.I.T. ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ ńlá kan sí i fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nílé, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ ní ilé ìwé fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọgbà, ọ̀pọ̀ ìyá tí ó jẹ́ olùkọ́ ni ó sì ti jàǹfààní rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀tọ́ obìnrin.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Àwọn kan lè ní, kí ni ti M.I.T. ti jẹ́ sí ọmọ Yorùbá? Ó kàn wá, nítorí àwọn ìyá wa ni ó ń san gbèsè aago yìí. Ẹ ka iye ìyá àgbà tí a ti lọ pàdé ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n fi ọjà wọn sílẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, tí wọ́n gba fisa àbẹ̀wò, tí wọ́n wá wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà nínú òtútù, kí ọmọ wọn lè padà sí ibi iṣẹ́. A ń pè é ní àṣà wa, àṣà wa sì ni. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí ibi iṣẹ́ ìbá ṣe náà ni, ìyá àgbà ni ó ń ṣe é láìgba owó. Bí fisa kò bá sí ńkọ́? Bí ìyá àgbà bá ti kú ńkọ́?

Kì í ṣe pé obìnrin wa kò lè ṣe é. Grace Alele-Williams, ọmọ Warri tí ó kọ́kọ́ kàwé ní Ìbàdàn, gba oyè Ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, ó bí ọmọ márùn-ún, ó sì di obìnrin kìn-ín-ní tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985. Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn láti Iléṣà, wà lára àwọn tí ó dá ibùdó ìwádìí nípa àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ akọni nìkan ni yóò yege. Ibi iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé akọni obìnrin nìkan ni ó lè là á já, ibẹ̀ kò tíì dára.

Nítorí náà, bí ọmọ wa bá gba iṣẹ́ ní yunifásítì, kí a kọ́ ọ láti béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: Kí ni wọ́n ń fún ẹni tí ó bímọ, ọ̀sẹ̀ mélòó, pẹ̀lú owó tàbí láìsí owó? Aago tenure ńkọ́? Ilé ìtọ́jú ọmọ wà bí, àwọn mélòó ni ó sì ń dúró kí àyè tó kàn wọ́n? Obìnrin mélòó ni ó ti gba tenure ní ẹ̀ka náà? Ìbéèrè yìí wà fún ọmọkùnrin wa náà, nítorí òun ni ọkọ ẹnì kan lọ́la. Kí ó mọ̀ pé ìsinmi tí wọ́n bá fún bàbá, ọmọ ni wọ́n fún, kì í ṣe ìwé kíkọ.

Àti nílé tiwa ńkọ́? Nancy Hopkins kò dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, ó wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wọn tiwa. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó ń bọ̀, kí a ka iye obìnrin tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́, kí a ka iye wákàtí tí àwọn obìnrin fi dáná kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì ka iye ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ tí kì í wá mọ́ nítorí aago mẹ́wàá alẹ́ ni a ń parí. Àwa tí a ń yọ̀ǹda ara wa nínú ẹgbẹ́ ṣe tán láti kọ iye náà sílẹ̀. A sì dábàá pé kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, kí ọkùnrin àti obìnrin máa gbà á ṣe, ẹni méjì méjì. Jẹ́léósinmi tiwa nìyẹn.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Kí Olódùmarè bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ilé gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àṣẹ.